Èèpo Nìkan Kì í Di Ajílẹ̀

Ní abúlé tí mo dàgbà sí lẹ́bàá ìlú Ìbàdàn, ààtàn kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa, níbi tí ìyá mi àgbà máa ń da ilẹ̀ tí wọ́n bá gbá sí ní òròòwúrọ̀, pẹ̀lú eérú inú ààrò, èèpo iṣu, háhá àgbàdo, èérí ògì àti ìgbẹ́ àwọn ewúrẹ́ tí ń sùn sábẹ́ àká. Kò sí ẹni tí ó gbin ohunkóhun sí orí ààtàn yìí, síbẹ̀ ibẹ̀ ni tòmátì wa tí ó tóbi jù lọ ti máa ń so, ibẹ̀ ni ìbẹ́pẹ ti máa ń hù fúnra rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni tẹ̀tẹ̀ ti máa ń ga débi pé àwa ọmọdé lè fara pamọ́ sí i. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ìyá àgbà yóò mú ọkọ́ àti agbọ̀n, wọn yóò wa ilẹ̀dú kúrò ní ìdí ààtàn náà, wọn yóò sì rù ú lọ sí ibi tí wọ́n ń gbin ewédú àti ilá sí.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń béèrè lọ́wọ́ mi bí a ṣe ń fi èèpo inú ilé ìdáná ṣe ajílẹ̀ máa ń rò pé àṣà ilẹ̀ òkèèrè ni, ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ mẹ́nu ba ààtàn. Orúkọ tí àwọn baba wa fún nǹkan náà ti ṣe àlàyé ara rẹ̀: ajílẹ̀ ni ohun tí ń jí ilẹ̀, ilẹ̀ tí ó sì ti sùn ni èyí tí a ń kórè lórí rẹ̀ lọ́dọọdún tí a kì í dá ohunkóhun padà fún. Bí mo tilẹ̀ dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, ó gbà mí ju ọdún kan lọ kí n tó mọ ohun tí ó wà nínú ààtàn ìyá àgbà tí kò sí nínú tèmi. Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹlòmíràn má baà pàdánù irú ọdún bẹ́ẹ̀.

Ilé tí mo ń gbé báyìí wà ní agbègbè Àpáta, ní Ìbàdàn. Àyè tí ó wà fún mi lẹ́yìn ilé náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ọkọ́ kàn án, yanrìn tí àwọn bíríkìlà ṣẹ́kù, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti ilẹ̀ pupa líle ni mo bá níbẹ̀. Ewédú tí mo gbìn ní ọdún àkọ́kọ́ kò ga dé orúnkún kí ewé rẹ̀ tó pọ́n, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó kí a tó rí i ṣà. Mo ra ajílẹ̀ ìgbàlódé, irú èyí tí wọ́n máa ń fi agolo wọ̀n fún ènìyàn ní ọjà, mo bù ú sí i, ewé rẹ̀ sì dúdú minimini fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò oṣù kẹfà rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan léraléra, ó tún padà sí bí ó ti wà. Ilẹ̀ oníyanrìn kò ní ohun tí ó lè fi di ajílẹ̀ mú. Òjò Ìbàdàn sì ń ju 1,200 mílímítà lọ lọ́dún, nítorí náà ohun tí a bá bù sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni òjò ń wọ́ lọ sísàlẹ̀, kọjá ibi tí gbòǹgbò ẹ̀fọ́ lè dé. Nígbà yìí ni ọkàn mi padà sí ààtàn.

Mo gbé àgbá oníke kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo èèpo ilé ìdáná sínú rẹ̀: èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdí ẹ̀fọ́, tòmátì tí ó ti jẹrà, èèpo ọsàn. Mo ń fi ọmọrí rẹ̀ dé e pinpin kí eṣinṣin má baà rí ọ̀nà wọlé. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, òórùn ẹyin tí ó ti bàjẹ́ ni ó ń ti inú rẹ̀ jáde, nígbà tí mo sì ṣí i, omi dúdú àti ìdin ni mo rí. Baba onílé wa, tí wọn kì í sábà bá ènìyàn wí, pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má bínú o, ṣé eku ló kú sí ẹ̀yìnkùlé yẹn ni? Òórùn rẹ̀ ti ń dé inú yàrá wa." Ojú tì mí gidigidi. Mo bẹ̀ wọ́n, mo gbẹ́ kòtò jíjìn, mo da gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀, mo sì bò ó mọ́lẹ̀. Ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, úgù tí ó fà gba orí kòtò yẹn kọjá ní ewé tí ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì lọ. Èyí fi hàn mí pé ohun rere ni mo ní lọ́wọ́, ọ̀nà tí mo gbà tọ́jú rẹ̀ ni ó kù díẹ̀ káàtó.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó wà nínú ilẹ̀ àti lára ewé ni ó ń ṣe ajílẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni kí a máa bọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń sin adìyẹ ṣe ń bọ́ adìyẹ. Wọ́n ń jẹ kábọ́ọ̀nù, èyí tí ó pọ̀ nínú ohun gbígbẹ, láti fi ní agbára, wọ́n sì ń fi náítírójìn, èyí tí ó pọ̀ nínú ohun tútù, kọ́ ara wọn. Àwọn onímọ̀ ti wọ̀n ọ́n pé iṣẹ́ wọn máa ń yá jù lọ bí oúnjẹ wọn bá ní ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù 25 sí 30 fún ìwọ̀n náítírójìn kan. Èèpo tútù àti àjẹkù ẹ̀fọ́ kò ní ju bíi 15 sí 20 lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé náítírójìn àti omi ti pọ̀ jù nínú wọn. Ewé gbígbẹ ń ní 50 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn ń tú jáde sì ń ní ọgọ́rùn-ún lọ́nà mélòó kan. Bí náítírójìn bá pọ̀ jù, òórùn tí ń ta ni nímú bíi ti ilé adìyẹ tí a kò kó ni yóò máa jáde, èyí tí ó jẹ́ pé ajílẹ̀ wa gan-an ni ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni kò wọlé, bíi ti inú àgbá mi tí mo dé pinpin, irú kòkòrò mìíràn tí kò nílò afẹ́fẹ́ ni yóò gba iṣẹ́ náà ṣe, àwọn wọ̀nyí ni ó sì ń mú òórùn ẹyin bíbàjẹ́ wá.

Nígbà tí mo mọ èyí tán ni mo tó rí ohun tí ìyá àgbà ń ṣe. Kì í ṣe èèpo ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń dà sí ààtàn, bí kò ṣe ilẹ̀ tí wọ́n gbá. Inú ilẹ̀ gbígbá yẹn ni ewé máńgòrò gbígbẹ wà, àti koríko, àti háhá, àti eruku, àti èèpo ẹ̀pà tí àwa ọmọdé da sílẹ̀ lálẹ́ àná. Èmi ti kó èèpo tútù dání, mo fi ìdajì iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kó ewé gbígbẹ jọ gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíràn ṣe ń kó àgbàdo sínú àká. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí igi gbogbo sì ń wọ́wé, ewé máa ń pọ̀ ní àdúgbò wa débi pé òwúrọ̀ Sátidé kì í lọ láìsí èéfín ní ojúde mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó máa ń dùn mí láti rí i. Bí a bá sun ewé, gbogbo kábọ́ọ̀nù àti náítírójìn inú rẹ̀ ni ó bá èéfín lọ, eérú díẹ̀ péré ni ó ṣẹ́kù fún ilẹ̀, àwọn ọmọ tí ó wà nítòsí sì ń wú ikọ́. Mo máa ń bẹ àwọn aládùúgbò mi pé kí wọ́n bá mi kó o sínú àpò dípò kí wọ́n sun ún, ní ọdún tí ó kọjá mo sì kó àpò ogún jọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ewé máńgòrò le, ewé tíìkì le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà mo máa ń fi àdá ṣá wọn wẹ́wẹ́. Ewé Akíntọ́lá tí ó kún ẹ̀bá ọ̀nà dára púpọ̀, bí a bá tètè gé e kí ó tó yọ òdòdó tí èso rẹ̀ yóò fi tàn káàkiri oko. Háhá àgbàdo, èèpo ẹ̀pà, èèpo ẹ̀gúsí àti páálí tí a ti fà ya, tí kò ní ìwé dídán lára, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Abẹ́ ibòji ni mo gbé òkìtì mi sí, lórí ilẹ̀ lásán tí kò ní sìmẹ́ńtì, kí omi lè rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀, kí ekòló sì lè rí ọ̀nà gòkè wá. Mo kọ́kọ́ ń to igi wẹ́wẹ́ àti ṣùkù àgbàdo sí ìsàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn èyí, agbọ̀n ewé gbígbẹ méjì sí agbọ̀n èèpo tútù kan ni mo ń tẹ́ léra wọn, mo ń fọ́n ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀dú tàbí ajílẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ sí àárín wọn nítorí àwọn kòkòrò inú rẹ̀, mo sì ń bu omi sí i. Ewé gbígbẹ ni ó gbọ́dọ̀ wà lókè nígbà gbogbo. Bí a kò bá rí èèpo tútù lójú, eṣinṣin kò ní rí i pẹ̀lú, láti ìgbà tí mo sì ti ń tẹ̀lé òfin kan ṣoṣo yìí ni baba onílé wa kò ti pè mí mọ́ lórí ọ̀rọ̀ òórùn.

Òkìtì tí kò bá ga, tí kò sì fẹ̀, tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kì í lè gbóná dáadáa, nítorí pé ooru inú rẹ̀ ń jáde kíákíá. Èèpo ilé kan kò lè tó irú òkìtì bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa mẹ́rin ni a wà nílé, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ni a ń kún láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá alákàrà tí ń jókòó ní ìkóríta wa ni ó gbà mí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo béèrè èèpo ẹ̀wà tí wọ́n máa ń dà sí gọ́tà, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sin ewúrẹ́ ni, màmá?" Mo ní, "Rárá o, ìyá mi, ilẹ̀ ni mo fẹ́ bọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bá mi fi í pamọ́ sínú àpò, bí mo bá sì ṣa ewédú, èmi náà á fún wọn ní tiwọn. Èèpo ẹ̀wà tútù a máa mú òkìtì gbóná kíákíá, bẹ́ẹ̀ náà ni èérí ògì. Ẹni tí ó bá ní ìgbẹ́ adìyẹ lè fi ìwọ̀nba díẹ̀ kún un. Ó lágbára púpọ̀, kò sì yẹ kí a bù ú sí ìdí ẹ̀fọ́ ní tútù, nítorí yóò jó o.

Ní ọjọ́ kẹta, mo máa ń ki irin gígùn kan bọ àárín òkìtì náà. Bí mo bá fà á yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí kò ṣeé dì mú lọ títí, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbóná inú òkìtì tí a tò dáadáa máa ń dé ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì 55 sí 65, èyí tí ó tó láti pa èso koríko àti ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn. Bí ó bá ju 70 lọ, àwọn òṣìṣẹ́ wa fúnra wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nígbà tí ó bá ti ń tutù, lẹ́yìn ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, èmi yóò fi ṣọ́bìrì yí i po, kí ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè bọ́ sí àárín, yóò sì tún gbóná. Ara ń ro ènìyàn lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n òkìtì tí a bá ń yí báyìí máa ń di ajílẹ̀ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta nínú ooru ilẹ̀ wa, nígbà tí èyí tí a kò yí lè gba oṣù mẹ́fà. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá gbé e lè fi í sílẹ̀ kí ó máa ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ààtàn ìyá àgbà kò ní ẹni tí ń yí i. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ yí i wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, kí ó sì fi igi rú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kàn án, nítorí pé ejò fẹ́ràn ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Omi ni ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù. Mo ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti inú òkìtì, mo sì ń fún un. Bí omi bá ń ṣàn láàárín ìka mi, ó ti pọ̀ jù, ewé gbígbẹ ni mo ní láti fi kún un. Bí kò bá sí ẹ̀kán kan, tí ó sì ń tú ká, ó ti gbẹ jù. Ẹ̀kán kan tàbí méjì ni ó yẹ kí ó yọ. Ní ìgbà òjò mo ń fi tápólì bò ó, kí òjò má baà fọ oúnjẹ inú rẹ̀ lọ. Ní ìgbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, mo ń wọ́n omi sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, omi tí a fi fọ ìrẹsì àti ẹ̀wà kò sì ní lọ sí gọ́tà mọ́ ní ilé wa.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Albert Howard, tí ó ṣiṣẹ́ ní ìlú Indore ní ilẹ̀ Íńdíà láti 1924 títí di 1931, kọ irú ọ̀nà yìí sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, orúkọ ìlú náà ni wọ́n sì fi ń pe ìlànà rẹ̀ di òní. Òun fúnra rẹ̀ kò fi pamọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni òun kọ́ lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ náà. Mo gbóríyìn fún un fún òtítọ́ yẹn.

Nínú gbogbo ohun tí ń jáde láti ilé ìdáná, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé pòtáṣíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀. Kò dìgbà tí a bá gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò kí a tó gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí bí a ṣe ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ̀ pé eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ti èèpo kòkó ni àwọn ìyá wa ń sẹ́ omi rẹ̀, tí wọ́n fi ń se àdín tàbí epo títí yóò fi di ọṣẹ. Pòtáṣíọ̀mù ni ó ń fún eérú náà ní agbára tí ń ta ọwọ́, òun náà ni ata, tòmátì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ so. Mo ń gé èèpo náà wẹ́wẹ́ kí ó tó wọ inú òkìtì, níbi tí ó ti máa ń pòórá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Bí èèpo bá sì pẹ́ láàárín ewé, á di ilẹ̀.

Eérú igi náà wúlò, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni. Kò sí náítírójìn nínú rẹ̀, nítorí iná ti gbé e lọ, ó sì ń mú kí ilẹ̀ korò bí ó bá pọ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan lórí ìpele kọ̀ọ̀kan ti tó, kò sì yẹ kí a dà á lé ìgbẹ́ adìyẹ tútù lórí, torí pé yóò lé náítírójìn inú ìgbẹ́ náà jáde. Eérú ibi tí wọ́n ti sun ọ̀rá àti ike kò gbọ́dọ̀ dé oko ẹ̀fọ́ rárá.

Èèpo ẹyin gba sùúrù. Kálísíọ̀mù ni ó kún inú rẹ̀, irú èyí tí ó wà nínú òkúta ẹfun, ṣùgbọ́n bí a kò bá gún un kúnná nínú odó, a ó máa rí i nínú ilẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sí i bí a ṣe jù ú síbẹ̀. Àwọn kan gbàgbọ́ pé bí ìdí tòmátì bá ń dúdú tí ó sì ń jẹrà lórí igi, kí a sáré bu èèpo ẹyin sí i. Lóòótọ́, àìtó kálísíọ̀mù ni ó fà á, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà omi tí a ń fún tòmátì náà ní ségesège ni kò jẹ́ kí kálísíọ̀mù tí ó ti wà nínú ilẹ̀ dé inú èso. Kí a bu omi déédéé ni ó máa ń ràn án lọ́wọ́ jù.

Ti èèpo gbáàgúdá yàtọ̀ díẹ̀. Oró sáyánáìdì wà nínú rẹ̀ ní tútù; ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń fún gàrí mọ̀ pé koríko kì í sábà hù ní ojú ibi tí omi rẹ̀ ń ṣàn gbà. Nínú òkìtì tí ó gbóná, oró náà a máa pòórá, nítorí náà èmi kì í bẹ̀rù láti lò ó, ṣùgbọ́n n kì í kó o sí ìdí ẹ̀fọ́ tààrà.

Ọbẹ̀ tí ó ṣẹ́kù, ẹran, egungun, ẹja àti ohunkóhun tí ó ní epo kò gbọ́dọ̀ wọ inú òkìtì ẹ̀yìnkùlé. Eku àti ajá yóò wá a kiri, iyọ̀ inú ọbẹ̀ náà kò sì bá gbòǹgbò lára mu. Ìgbẹ́ ajá àti ti ológbò kò tọ́ nítorí aràn.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa omi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí mo rí i pé àwọn ènìyàn ń gbé kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí a rẹ èèpo náà sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta, kí a sì bu omi náà sí ìdí ata kí ó lè so wọ̀ǹtìwọ̀ntì. Mo gbìyànjú rẹ̀ fún odindi ìgbà òjò kan lórí igi ata mẹ́rin, mo sì fi mẹ́rin mìíràn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú omi lásán. N kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Pòtáṣíọ̀mù díẹ̀ lè yọ́ sínú omi náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n náítírójìn inú rẹ̀ kò tó nǹkan, omi kò sì lè tún ilẹ̀ oníyanrìn ṣe. Odindi èèpo náà, pẹ̀lú ara rẹ̀ gbogbo, ni ilẹ̀ ń fẹ́.

Ajílẹ̀ tí ó ti jinná máa ń dúdú, a máa fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Òkìtì tí ó ga tó àyà mi yóò ti lọ sílẹ̀ dé orúnkún tàbí díẹ̀ lókè rẹ̀. Kí n tó lò ó, mo ń bù ú sínú agolo mílíìkì kan, mo ń gbin èso tẹ̀tẹ̀ sí i, mo sì ń dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá hù dáadáa, tí ewé rẹ̀ kò sì pọ́n, ó ti ṣe tán. N kì í fi ewédú dán an wò, nítorí pé èso ewédú tí a kò fi omi gbígbóná rẹ̀ lè kọ̀ láti hù, a ó sì máa bá ajílẹ̀ wí láìṣẹ̀. Ajílẹ̀ tí kò tíì jinná léwu fún ẹ̀fọ́: àwọn kòkòrò inú rẹ̀ tí ebi ṣì ń pa yóò máa fa náítírójìn inú ilẹ̀ mọ́ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, ewé yóò sì pọ́n bí ẹni pé a kò ṣe nǹkankan.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà 10 kan ni mo ń bù sí ibi tí ó gùn ní mítà kan tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan, mo ń fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀ òkè ní ọ̀sẹ̀ kan kí n tó gbìn. Fún ẹ̀fọ́ tí mo ń gbìn sínú àpò, ìdá kan ajílẹ̀ sí ìdá méjì ilẹ̀ ni.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àpò ajílẹ̀ ìgbàlódé oníkìló 50 tí wọ́n kọ 15-15-15 sí lára, níbi tí 15 àkọ́kọ́ ti jẹ́ ìdá náítírójìn nínú ọgọ́rùn-ún, ní náítírójìn kìló méje àbọ̀ nínú. Náítírójìn inú ajílẹ̀ èèpo kì í sábà ju ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí náà ẹni tí ó ní éékà àgbàdo mẹ́wàá kò lè fi bọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná rẹ̀ bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àpò náà kò lè fún ilẹ̀ ní ohun tí yóò fi di omi mú, kò sì lè pe ekòló wá. Ní ẹ̀yìnkùlé mi, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń gbẹ ní ọjọ́ kejì tí mo bá bu omi sí i, ó ń di ọjọ́ kẹrin báyìí. Ìlú ńlá pàápàá lè ṣe é: ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti máa sọ pàǹtí ọjà àti ìgbẹ́ ẹran di ajílẹ̀ tí wọ́n pè ní Pacesetter. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí òkìtì ìdí ẹ̀fọ́ àti èèpo ọsàn tí ọjà wa ń dà nù lójoojúmọ́ yóò mọ̀ pé irú rẹ̀ kò tíì tó.

Nígbà tí mo padà sí abúlé wa ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo lọ wo ibi tí ààtàn wà. Ó ṣì wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ fẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọ̀rá omi, ọ̀rá búrẹ́dì, bátìrì tó ti kú àti àfọ́kù ike ni ó bò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì sí ewébẹ̀ kan tí ó hù lórí rẹ̀. Mo fi igi wa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ilẹ̀dú náà ṣì wà lábẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá ti wọnú rẹ̀ débi pé kò sí ẹni tí ó lè bù ú lọ sí oko mọ́. Ọ̀rá kì í jẹrà, omi bátìrì sì lè fi òjé àti oró mìíràn sínú ilẹ̀ tí ẹ̀fọ́ yóò fà mu. Ọkàn mi bàjẹ́ púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí mo ti dé ni garawa méjì ti wà ní ilé ìdáná mi: ọ̀kan fún ohun tí ó ń jẹrà, èkejì fún ohun tí kì í jẹrà, àwọn ọmọ mi sì mọ̀ pé ọ̀rá kan ṣoṣo nínú garawa àkọ́kọ́ lè mú mi jí wọn lójú oorun.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí ni mo kó òkìtì kẹjọ mi. Mo fi asẹ́ onírin sẹ́ ẹ, ó sì kún àpò mẹ́ta àbọ̀. Àwọn igi wẹ́wẹ́, ṣùkù àgbàdo àti ewé tíìkì tí kò gba ojú asẹ́ kọjá ni mo ti kó jọ sí abẹ́ ibòji gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ òkìtì kẹsàn-án, nítorí pé àwọn kòkòrò àìfojúrí ti kún ara wọn, wọn kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èèpo ẹ̀wà ìyá alákàrà ń bọ̀ ní àárọ̀ ọ̀la.